Ọ̀tún pẹ̀lú Òsì, Àná pẹ̀lú Òní: Bí a ṣe ń yẹ ẹni tí a fura sí pé rọpárọsẹ̀ (stroke) kọ lù wò

Ìyá aláró kan ni wọ́n gbé wá bá wa láti ìtòsí Ọjà Ọba ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọwọ́ Màmá méjèèjì ṣì dúdú fún aró. Ohun tí ọmọ wọn kọ́kọ́ sọ ni pé, "Nọ́ọ̀sì, Màmá ò lè fún aṣọ mọ́." Ojú kò wọ́, Màmá kò ṣubú. Wọ́n yọ aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, wọ́n fẹ́ fún un, ọwọ́ òsì kò bá ọ̀tún ṣe é. Ọmọ yẹn ti ṣe àyẹ̀wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò kàn mọ̀ pé àyẹ̀wò ni. Ó fi ọwọ́ kan wé èkejì, ó fi ìyá tó rí lónìí wé ìyá tó mọ̀ lánàá.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni mo ń kọ ọ́ sí, ẹ̀yin tí dókítà kì í sí nítòsí yín ní agogo méjì òru. Ará ilé náà lè kà á, ṣùgbọ́n tiwọn kúrú: bí ojú bá wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́, bí ìríran tàbí ìdúró bá dàrú lójijì, kí wọ́n gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Aago ṣáájú

Ẹ má béèrè pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ìgbà tí wọ́n bá a nílẹ̀ ni wọn yóò sọ fún yín. Ohun tí dókítà nílò ni ìgbà tí ẹnìkan rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Bàbá tó wọlé sùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n lọ jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tí apá wọn ti rọ, agogo mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ ó kọ sílẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá bá wọn sọ̀rọ̀ láàrin òru.

Ìdí ni pé oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní gbèdéke. Wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n máa ń kà fún un, láti ìgbà tí ara rẹ̀ dá gbẹ̀yìn. Wọn kò sì lè fún un láìkọ́kọ́ ya fọ́tò CT, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya inú orí, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ dí ni tàbí ó bẹ́, nítorí oògùn tó ń ran ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ lè pa ẹni kejì. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ásípírìn kí fọ́tò náà tó jáde.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ máa bi léèrè ní Òṣogbo kò wo aago. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí wọ́n mọ̀. "Ṣé wọ́n ti kírun àsùbáà tán?" "Ṣé wọ́n ti ń pàtẹ ní Olúòde?" "Ṣé iná ti dé nígbà yẹn?" Fóònù tiẹ̀ sàn ju ẹnu ènìyàn lọ. Ẹ wo ẹni tí aláìsàn pè gbẹ̀yìn, ẹ pe onítọ̀hún, kí ẹ bi í bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara.

Lẹ́nu kan náà, ẹ béèrè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ń dá rìn? Ṣé rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú rí? Ṣé ojú kan ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́? Apá tó ti rọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kì í ṣe ìròyìn òní. Ẹ béèrè oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ sì béèrè àgbo láìbínú, kí wọ́n lè sọ òtítọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan apá

Mímí ṣáájú. Ẹni tó ń hanrun láìjí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré sí 94%, ẹ fún un ní ọ́síjìn. Bí kò bá kéré, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ gbọ́ bóyá ọkàn ń lù ségesège, nítorí ọkàn tó ń lù bẹ́ẹ̀ lè máa fọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì sókè sínú ọpọlọ.

Lẹ́yìn náà, ṣúgà. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kọ rọpárọsẹ̀ sí ìwé ọkùnrin kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ tí ahọ́n rẹ̀ sì ń wúwo. A ti ń wá ọkọ̀ kí ẹnìkan tó rántí láti gún ìka rẹ̀. 34 ni ẹ̀rọ kọ. Ó ti gún abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì láàárọ̀, kò jẹun. A fi ṣúgà sí ojú iṣan, apá yẹn gbéra lójú wa bí ìgbà tí ènìyàn jí lójú oorun. Ojú tì mí débi pé títí di òní, ẹ̀rọ ṣúgà ni mo máa ń mú kí n tó mú tọ́ọ̀ṣì. Ṣúgà tí kò tó 60 mg/dl lè ṣe bí rọpárọsẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún aláìsàn yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì sáré fà á wálẹ̀. Ẹ máa rí 190, ẹ máa rí 200, ẹ̀rù á bà yín. Ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú rẹ̀ ń fi ìfúnpá yẹn ti ẹ̀jẹ̀ sọ́hùn-ún ni. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan dí, tí wọn kò sì ní fún un ní oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn dókítà sábà máa ń fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi ju 220/120 lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn náà, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 185/110. Tiwọn ni ìpinnu yẹn. Àṣà fífi nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sábẹ́ ahọ́n, kí a jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá.

Kí ohunkóhun má wọ ẹnu rẹ̀: omi, tíì, epo pupa, àgbo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, títí a ó fi dán ọ̀fun rẹ̀ wò. Ọ̀fun tó rọ máa ń darí omi sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ará ilé bá ní wọ́n ta á lọ́fà ni, n kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà máa gbà á nínú ọkọ̀.

Ṣé ó jí, ṣé ó mọ ibi tó wà?

Ẹ pè é lórúkọ. Bí kò bá dáhùn, ẹ fọwọ́ kàn án. Bí kò bá ṣí ojú síbẹ̀, ẹ rin èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òdiwọ̀n Glasgow, èyí tí a fi ń wọn bí aláìsàn ṣe jí tó, ń lọ láti 15 sí 3: ojú 4, ọ̀rọ̀ 5, ìṣípòpadà ara 6. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 8 tàbí kó kéré sí i kò lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀, ẹ pe ìrànlọ́wọ́ ńlá kí ẹ tó máa bá ìyókù lọ.

Òdiwọ̀n NIHSS, èyí tí àwọn dókítà fi ń wọn bí rọpárọsẹ̀ ti pọ̀ tó láti òdo dé 42, ní kí a béèrè oṣù tí a wà àti ọjọ́ orí. Níbí ni ìṣòro wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n bí kí ìwé ìbí tó dé abúlé wọn lè sọ pé, "Mo ti tó ọgọ́rin ọdún ó, àbí ó lé?" Àìsàn kọ́ nìyẹn. Bàbá Alhaji lè sọ pé oṣù àwẹ̀ la wà, kó sì jẹ́ òtítọ́. Àṣẹ òdiwọ̀n náà ni pé kí ìdáhùn pé pérépéré, nítorí náà máàkì tí òfin ní ni mo máa ń kọ, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn sọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì bi ọmọ rẹ̀ bóyá bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kó pa ojú dé, kó là á. Kó di ẹ̀ṣẹ́, kó tú u, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò rọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ sọ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ẹ ó kọ, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Àwa tí a tọ́ dáadáa lọ́dọ̀ àgbà, èyí ni ó nira fún wa jù.

Ojú

Ẹ tú gèlè, ẹ ṣí fìlà, pẹ̀lú "ẹ má bínú, Màmá". Iwájú orí wà lára ohun tí ẹ ń wá. Ẹ ní kó fi eyín hàn yín. Ẹ má ní kó rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ara ń ni kì í rẹ́rìn-ín torí pé nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀kalẹ̀ wá sí igun ẹnu: ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ó máa ń parẹ́. Ẹ ní kó pa ojú mọ́lẹ̀ gan-in, kó sì gbé ìpéǹpéjú sókè bí ẹni tí ẹnu yà.

Bí ìsàlẹ̀ ojú bá wọ́ ṣùgbọ́n tí iwájú orí ṣì ń ká jọ, inú ọpọlọ ni wàhálà ti ń bọ̀, nítorí apá òkè ojú ń gba àṣẹ láti ìhà méjèèjì ọpọlọ. Bí ìdajì ojú bá rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ojú kò pa dé, tí apá, ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sì dá pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn iṣan tí ń gbé àṣẹ dé ojú nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní Bell's palsy. Bí nǹkan mìíràn bá lọ́wọ́ sí i, ẹ pè é ní rọpárọsẹ̀ títí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilà ojú lè ràn yín lọ́wọ́: àbàjà ọ̀tún àti ti òsì yẹ kí wọ́n wà lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n olóòlà tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn lè tàn yín jẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni fọ́tò inú fóònù ọmọ. Ó ṣòro kí wọ́n má ti ya Màmá níbi ìsọmọlórúkọ kan láàrin oṣù yẹn.

Apá àti ẹsẹ̀

Ẹ ká agbádá tàbí ìborùn kúrò lára apá. Bí ó bá jókòó, kó na apá méjèèjì síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀, kí apá ga dé ìdajì ọ̀nà láàrin bẹ́ẹ̀dì àti òkè. Ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ kà á sókè. NIHSS ní kí a ṣe é ní apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo máa ń tún ṣe méjèèjì papọ̀, nítorí apá tó rọ díẹ̀ kì í lè fara pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó le. Bí apá bá dúró, òdo. Bí ó bá ń rẹ̀ wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kan bẹ́ẹ̀dì, 1. Bí ó bá gbìyànjú ṣùgbọ́n tó já wálẹ̀, 2. Bí kò bá lè gbé e kúrò nílẹ̀ rárá ṣùgbọ́n tó ń mì, 3. Bí kò bá mì rárá, 4. Ẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 5.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ọwọ́ òsì tí ìwé NIHSS kò kọ. Ẹ ní kí àgbàlagbà fi ọwọ́ òsì di ìka yín mú, yóò lọ́ra, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í na òsì sí ènìyàn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "ó rọ" nítorí ìwà ọmọlúàbí. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "Bàbá, iṣẹ́ ni, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́." Ahọ́n náà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣàlàyé kí ẹ tó ní kí ìyá ọlọ́mọ yọ ahọ́n síta sí yín.

Bí agbára bá wà, ẹ ní kó fi ìka kan imú rẹ̀ kó tún kan ìka yín, kó sì fi gìgísẹ̀ fa ojúgun ẹsẹ̀ kejì láti orúnkún sísàlẹ̀. Ẹ máa wo bó ṣe ń ṣìnà. Apá tí kò lágbára kò ní lè ṣe é dáadáa, ẹ má ka ìyẹn kún.

Ọ̀rọ̀

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ ni a ń wá. Ọ̀kan ni ahọ́n tó wúwo: ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu ni kò gbé e. Èkejì ni èdè tó bàjẹ́: ẹnu dá ṣáṣá, ọ̀rọ̀ ni kò rí mú, tàbí kò yé e ohun tí ẹ ń sọ. Ìhà òsì ọpọlọ ni èdè wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, nítorí náà ó sábà máa ń bá apá ọ̀tún tó rọ rìn.

Ẹ fi èdè tó gbọ́ jù yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìyá alátà ka gbólóhùn inú ìwé, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀. Fún ahọ́n, mo máa ń lo "bàbá" fún ètè, "tòlótòló" fún orí ahọ́n, "kàkàkí" fún ẹ̀yìn ahọ́n, àti "gbàgbé", nítorí gb fẹ́ kí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má lo àwọn àlọ́ "ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọpọlọ" yẹn. Èmi fúnra mi ń ṣubú nínú rẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ohùn. Bí ó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ tí ó sì ń pe ọkọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pè é, kí ẹ bi ará ilé bóyá ẹ̀ka èdè tirẹ̀ nìyẹn tàbí òní ló bẹ̀rẹ̀.

Fún èdè, ẹ fi bírò, aago, kọ́kọ́rọ́, ṣíbí àti fìlà hàn án, kó dárúkọ wọn. Kó tún gbólóhùn kan sọ lẹ́yìn yín: "Òjò rọ̀ lánàá, mi ò lè lọ sọ́jà." Lẹ́yìn náà, láìfi ọwọ́ júwe, "Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di etí òsì yín mú." Bí ẹ bá fi ojú tàbí orí júwe, ojú yín ló tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ má jẹ́ kí àdúrà tàn yín. Mo ti rí Alhaja kan tí kò lè sọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń jẹ́, tí wọ́n sì ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣìnà. Àwọn ọmọ ń yọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti padà. Ohun tí ènìyàn ti há sórí láti kékeré, àdúrà, orin, kíka ení, èjì, máa ń ṣẹ́kù nígbà tí èdè bá ti lọ. Ìkíni náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkíni tó ṣìnà ní ìtumọ̀: Yorùbá tó bá kí yín "ẹ kú àárọ̀" ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ojú tó ń ríran, ẹ̀gbẹ́ tó gbàgbé

Ẹ wo ibi tí ẹyinjú méjèèjì yí sí. Nínú rọpárọsẹ̀ ńlá ti ìhà òkè ọpọlọ, wọ́n sábà máa ń yí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo bóyá ọmọlójú méjèèjì dọ́gba, bóyá wọ́n ń súnkì. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kó tẹjú mọ́ imú yín, kó máa ka ìka yín ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Fún ìmọ̀lára, igi ìtayín tuntun ti tó. Ẹ gún ojú, apá, ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ọ̀tún, òsì, kí ẹ béèrè bóyá bákan náà ni.

Lẹ́yìn náà ni kó pa ojú dé, kí ẹ fọwọ́ kan ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì gbàgbé òsì nígbà tí ó di méjèèjì, ọpọlọ rẹ̀ ti pa ẹ̀gbẹ́ kan tì. Irú wọn lè jẹ ìdajì àmàlà, kí wọ́n ní àwo ti tán. Wọ́n lè wo apá ara wọn, kí wọ́n béèrè pé ti ta ni. Wọn kì í ráhùn, ohun tó léwu nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí apá kò rọ rárá

Rọpárọsẹ̀ ti ẹ̀yìn ọpọlọ máa ń sá fún gbogbo ohun tí mo ti kọ. Òòyì ń kọ́ aláìsàn, ó ń bì, ó ń rí ohun kan ní méjì, kò lè jókòó ṣinṣin, wọ́n á ní ibà ni. NIHSS rẹ̀ lè jẹ́ òdo. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni tí òòyì kọ́ lójijì padà sílé, ẹ dì í mú, kó dìde, kó rìn. Ẹni tí kò lè dá rìn kò gbọdọ̀ lọ sílé.

Àwọn àìsàn mìíràn wà tó ń ṣe bí rọpárọsẹ̀. Ẹni tí gìrì tàbí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè ní apá tó rọ fún wákàtí díẹ̀. Ibà líle àti àkóràn máa ń jí ọgbẹ́ rọpárọsẹ̀ àtijọ́ dìde. Orí fífọ́ burúkú pẹ̀lú èébì àti oorun lè mú kí ẹ fura sí iṣan tó bẹ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, CT nìkan ló lè ṣe é.

Bí gbogbo àmì náà bá sì ti lọ fúnra wọn kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má dúpẹ́ kí ẹ tú ká. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ewu rọpárọsẹ̀ gidi pọ̀ jù.

Ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́

Ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ ń rán an lọ kí ọkọ̀ tó gbéra, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Òṣogbo níbí tàbí ti Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ CT ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù sàn ju wákàtí méjì lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lọ.

Ẹ má kọ "rọpárọsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́jú" lásán. Ti ìyá aláró yẹn, ohun tí mo kọ nìyí: "Obìnrin, bí ọdún 65. Ara dá gbẹ̀yìn ní 7:10 àárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ rí àyípadà ní 7:40. Ṣúgà 118. Ìfúnpá 186/102. Ojú dá. Apá òsì 1, ẹsẹ̀ òsì òdo. Ọ̀rọ̀ já gaara. Ó gbàgbé ọwọ́ òsì nígbà tí a fọwọ́ kan méjèèjì. Kò jẹ, kò mu. A yẹ̀ ẹ́ wò ní 8:15." Mo tún Màmá yẹ̀ wò ní 8:30, apá òsì ti di 2. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, n kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni dókítà kọ́kọ́ bi mí. Ní ìṣẹ́jú 15, 15 ni kí ẹ máa tún un ṣe títí ọkọ̀ yóò fi dé.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó rí i gbẹ̀yìn sí ẹ̀yìn ìwé náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́ ló ń bá ọkọ̀ lọ.